Ọba Sólómọ́nì àti Ọjà Àwìn

Ní àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, a rí i pé ó yẹ kí a ṣe àṣàrò lórí ìgbésí ayé Sólómọ́nì, ọmọ Dáfídì, ẹni tí ó jọba lórí Ísírẹ́lì fún 40 ọdún. Ní Gíbéónì, ọgbọ́n ni ó tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kì í ṣe ọrọ̀ tàbí ẹ̀mí gígùn. Ọdún 7 ni ó fi kọ́ Tẹ́ḿpìlì. Òwe tí ó pa sì jẹ́ 3,000.

Òfin ti kọ̀ fún ọba Ísírẹ́lì láti kó aya jọ. Ṣùgbọ́n fífẹ́ ọmọ ọba ilẹ̀ mìíràn ń ṣe ìlérí àlàáfíà. Sólómọ́nì bá Fáráò ọba Íjíbítì dá àna. Nígbà tí ó yá, ó ní aya 700 àti àlè 300. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, wọ́n yí ọkàn rẹ̀ padà sí òrìṣà wọn.

Níbo ni àlàáfíà náà wà? Íjíbítì kan náà ni Jèróbóámù, tí ó ṣọ̀tẹ̀ sí i, sá lọ. Lẹ́yìn ikú Sólómọ́nì, ẹ̀yà 10 kọ Rèhóbóámù ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún karùn-ún ìjọba ọmọ náà, Ṣíṣákì ọba Íjíbítì gòkè wá, ó sì kó ìṣúra Tẹ́ḿpìlì lọ pẹ̀lú àwọn asà wúrà tí Sólómọ́nì ṣe. Asà idẹ ni Rèhóbóámù fi rọ́pò wọn.

Ọjà àwìn ni ìdẹwò ń tà. Nígbà mìíràn, ọmọ ẹni ni olówó ń bá nílé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, mímọ ọgbọ́n kò tó. Ẹ jẹ́ kí a máa rìn nínú rẹ̀ títí dé ọjọ́ ogbó.