Emmanuel Arinze Ifeajuna (1935–1967): Afòsókè Ọmọ Onitsha

Ìlú Onitsha, lẹ́bàá Odò Ọya, ni a ti bí Emmanuel Arinze Ifeajuna ní ọdún 1935. Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà Dennis Memorial, ti ìjọ Áńgílíkà, ló lọ ní ìlú náà. Kì í ṣe ọmọ tí í dákẹ́ bí ohun kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn: ní 1951, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lọ́wọ́ nínú ìfẹ̀hónúhàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú kí a ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa fún sáà kan.

Òun kọ́ ni afòsókè àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní. Josiah Majekodunmi ti gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà ní Auckland ní 1950, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Helsinki ní 1952. Ní 1954, Ifeajuna bá ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí Vancouver, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, fún eré ìdárayá tí a mọ̀ lónìí sí ti Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà ṣì wà. Bàtà ẹyọ kan ṣoṣo ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wọ̀ sí ìdíje, ti ẹsẹ̀ òsì. Kò wọ nǹkan kan sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Báyìí ló ṣe fo ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8, èyí tí í ṣe mítà 2.03. Kò sí ẹni tó fò tó bẹ́ẹ̀ rí nínú eré náà. Patrick Etolu ará Ùgáńdà ló ṣe ipò kejì, Nafiu Osagie, ọmọ Nàìjíríà, sì ṣe ìkẹta. Ṣáájú ọjọ́ yìí, ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú kankan kò tíì gba wúrà níbi ìdíje àgbáyé tó tó bẹ́ẹ̀. Abebe Bikila ará Etiópíà, tí ìròyìn rẹ̀ kàn ká ayé nítorí pé ó sáré láìwọ bàtà ní Rome, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Ifeajuna ni tirẹ̀.

Nígbà tí ó padà dé, wọ́n gbé e yí Èkó ká pẹ̀lú ayọ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà lára èèpo ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé. Ní ọdún yẹn kan náà ló wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn láti kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ibẹ̀ ni eré fífò rẹ̀ parí sí. Kò tún díje nílẹ̀ òkèèrè mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Lójú tèmi, ìyẹn ló ṣòro jù lọ láti lóye nínú ìtàn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó yàn ní Ìbàdàn, Christopher Okigbo àti J. P. Clark, akéwì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú sì gba ọkàn òun alára.

Ó ṣe olùkọ́ díẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ní 1960. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, mejọ̀ ni, ó sì wà lára àwọn olórí ìdìtẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gba ìjọba. Òun ló kó ọmọ ogun lọ mú Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, ní ilé rẹ̀ l'Ékòó; òkú Balewa ni a rí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lẹ́bàá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Òun náà ló yìnbọn pa Ọ̀gágun Zakariya Maimalari, ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti dárúkọ rẹ̀ nítorí Vancouver nìkan, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ìdìtẹ̀ náà forí ṣánpọ́n. Ifeajuna sá lọ sí Gánà lọ́dọ̀ Nkrumah, ó padà wálé, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ojukwu ló tú u sílẹ̀ kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, kó wọ agbègbè Àárín Ìwọ̀-oòrùn padà sẹ́yìn, Ojukwu fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Àwọn olùjẹ́jọ́ ní ọ̀nà àtidá ogun dúró ni àwọn ń wá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, ní Enugu, a yìnbọn pa Ifeajuna, Banjo, Phillip Alale àti Sam Agbam.