Bose àti Ewé Patanmọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Tápà, bí a bá ń lọ sí oko, a máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti fọwọ́ kan patanmọ́. Kíá ni yóò pa ewé rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí ojú ń tì. Eré ni a fi ń ṣe. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó gbọ́ pé ẹnìkan fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdí eré yìí.

Jagadish Chandra Bose ni ẹni náà. Ní Mymensingh, tí ó wà ní Bangladesh lónìí, ni a bí i ní ọdún 1858. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀, síbẹ̀ ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi èdè Bengali kọ́ni ni ó kọ́kọ́ fi ọmọ sí, kí ó lè gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ yanjú.

Lẹ́yìn tí ó kàwé ní Cambridge, ó di olùkọ́ ní Presidency College, Calcutta, ní 1885. Owó tí wọ́n fẹ́ san fún un kò tó ti òyìnbó. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ni láìgba kọ́bọ̀, títí wọ́n fi san án pé.

Ó ṣe ẹ̀rọ kan, crescograph, tí ó ń fi ìdàgbàsókè ewéko hàn ní ìlọ́po 10,000. Ó fi hàn pé bí a bá fọwọ́ kan patanmọ́, iná mànàmáná kékeré a máa sáré gba inú rẹ̀, bí ó ti ń gba inú iṣan wa nígbà tí ẹ̀gún bá gún wa. Omi a kúrò ní oríkèé ewé, ewé a sì rọ̀ wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ London kan ta kò ó. Ṣùgbọ́n ní 1920 ó di ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society. Ó kú ní 1937.

Bí ẹnikẹ́ni bá tìtorí èyí sọ pé ewéko ń jẹ̀rora bí ènìyàn, èmi kò gbà. Ewéko kò ní ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ní 2022 àwọn onímọ̀ Japan fi hàn pé patanmọ́ tí kò lè pa ewé dé ni tata ń jẹ jù.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé Yorùbá ni mò ń kọ́, ó bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. N kò rí èsì fọ̀. Lónìí mo rí i. Àwọn baba wa ti ṣàkíyèsí ewé yìí, wọ́n sì fi ìṣe rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a bá wọn wádìí ìyókù.