Georg Ohm, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó kọ́ wa ní ìṣirò iná

Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló di áyọ́ọ̀nù sínú báàgì nígbà tá à ń bọ̀ láti Nàìjíríà. A débí, a wá ohun tí wọ́n fi ń so ẹnu ẹ̀ mọ́ ti ara ògiri ibí, iná pupa kékeré ara ẹ̀ sì tàn. Àmọ́ a gbé e lé aṣọ, aṣọ kọ̀, kò tẹ́. Ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Àwọn mìíràn sì ra tibí ránṣẹ́ sí ìyá wọn ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́. Ìyá tì í bọ iná, èéfín yọ, áyọ́ọ̀nù tuntun jóná lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á ní ayé ni, tàbí pé ọjà òyìnbó ò dáa mọ́.

Ayé kọ́ o. Ìṣirò kékeré kan ló wà nídìí ẹ̀, ọkùnrin tó sì kọ́ aráyé ní ìṣirò náà ti kú láti ọdún 1854. Georg Simon Ohm lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Grade 9 ń kọ́ òfin rẹ̀ nílé ìwé, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì ò sì lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan kí wọ́n má kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ojú tí ọkùnrin náà rí kó tó rí òfin yìí ò pọ̀.

Ìlú Erlangen, ní apá gúúsù ilẹ̀ tí à ń pè ní Jámánì lónìí, ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 16, oṣù kẹta, ọdún 1789. Alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni bàbá rẹ̀, ọmọ télọ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọ méje ni wọ́n bí, mẹ́ta péré ló yè: Georg, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń jẹ́ Martin, àti obìnrin kan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Georg nígbà tí ìyá wọn kú. Bàbá náà ò rí ilé ìwé gidi lọ, àmọ́ ó ti fúnra ẹ̀ kàwé débi pé òun ló jókòó ti àwọn ọmọkùnrin méjèèjì, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò lẹ́yìn iṣẹ́ irin. Ẹ ò rí nǹkan! Martin di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìṣirò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì di ẹni tá à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Lọ́dún 1805, Georg wọ yunifásítì ìlú wọn. Ijó ló gbájú mọ́, àti bọ́ọ̀lù orí tábìlì tí wọ́n ń fi igi gbá, àti eré orí yìnyín. Inú bí bàbá. Ẹ̀yin òbí tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kí ọmọ lè lọ sí yunifásítì, ẹ máa mọ irú ìbínú tí mò ń wí. Ó yọ ọmọ kúrò nílé ìwé, ó ní kó lọ wá nǹkan gidi ṣe. Bí ọmọ ọdún 17 ṣe di tíṣà ìṣirò ní Switzerland nìyẹn, ní ilẹ̀ àjèjì. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ là. Ó wá ìwé àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò, ó ń fúnra ẹ̀ kà á, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Lọ́dún 1811 ó padà sí Erlangen, ó sì gba oyè dókítà.

Kí ẹ má rò pé oyè yẹn ló parí ìṣòro. Owó tí wọ́n ń san fún un ní yunifásítì ò tó jẹun, ló bá kúrò. Ilé ìwé tó ti ríṣẹ́ ní Bamberg lọ́dún 1813 ò dáa, wọ́n sì tì í pa lọ́dún 1816. Dókítà ni, kò rí iṣẹ́ tó bá ìwé rẹ̀ mu. Àwa tá a ní ìwé ẹ̀rí nínú báàgì nígbà tá a dé Canada, a mọ bó ṣe ń rí. Ó kọ ìwé kan lórí ìṣirò, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọba Prussia, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n fún un níṣẹ́ tíṣà nílé ìwé ńlá kan ní Cologne lọ́dún 1817. Ilé ìwé yẹn ní yàrá tí irinṣẹ́ fún ìwádìí pọ̀ sí. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn.

Nígbà yẹn, ìmọ̀ nípa iná ṣì wà ní kékeré. Ọdún 1800 ni Volta ará Ítálì ṣe bátìrì àkọ́kọ́. Ọdún 1820 ni Oersted ará Denmark rí i pé wáyà tí iná ń gbà kọjá máa ń yí abẹ́rẹ́ òòfà. Àmọ́ kò tíì sí ẹni tó sọ fún aráyé bí wọ́n ṣe lè ṣírò bí iná tó ń ṣàn ṣe máa pọ̀ tó. Ohun tí Ohm gbé lé orí nìyẹn, lẹ́yìn tó bá kọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé tán.

Ó gbé èsì àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1825, àṣìṣe sì ni. Bátìrì ìgbà yẹn kì í dúró sójú kan. Bí wọ́n bá ti ń lò ó ni agbára rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ó sì ba òǹkà rẹ̀ jẹ́. Poggendorff, tó jẹ́ olóòtú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, gbà á nímọ̀ràn pé kó lo ọ̀nà mìíràn: kó so irin oríṣi méjì pọ̀, kí ojú kan wà nínú ooru, kí ojú kejì wà nínú òtútù. Ohm lo bàbà àti bismuth. Ó fi ìpàdé wọn kan sínú omi híhó, ó fi ìkejì sínú yìnyín. Omi híhó kì í kọjá bó ṣe gbóná, yìnyín tó ń yọ́ náà kì í yẹ̀, nítorí náà iná tó ń ti ibẹ̀ wá dúró ṣinṣin. Ó wá fi wáyà bàbà mẹ́jọ tí wọ́n nípọn bákan náà, àmọ́ tí gígùn wọn yàtọ̀ síra, dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wo bí abẹ́rẹ́ òòfà ṣe ń yí. Lọ́dún 1826, òótọ́ ọ̀rọ̀ jáde.

Ká sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé ìyá àgbà. Ẹ wo tánkì omi tí wọ́n gbé sórí òpó. Bí tánkì bá ṣe ga tó ni omi ṣe máa tì tó. Ìyẹn ni fólítì. Omi tó ń gba inú rọ́bà kọjá ni ìṣàn iná, tí wọ́n ń fi áńpíà wọ̀n. Bí rọ́bà bá tín-ín-rín, tó sì gùn, omi ò ní lè sáré. Ìdíwọ́ nìyẹn, òun ni wọ́n ń fi ohm wọ̀n. Tí ẹ bá fi ìdíwọ́ pín fólítì, ìṣàn iná lẹ máa rí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí áyọ́ọ̀nù wa. Ká ní ti Nàìjíríà jẹ́ 1,200 wáàtì lórí iná 240 fólítì. Ẹ fi 240 pín 1,200, áńpíà 5 ni. Ẹ fi 5 pín 240, ìdíwọ́ inú rẹ̀ jẹ́ 48 ohm. Iná Toronto, 120 fólítì ni. Ẹ fi 48 pín 120, áńpíà 2.5 péré ló máa wọlé, tí ẹ bá sì fi 120 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì 300 ni. Ìdá kan nínú mẹ́rin! Ìdí nìyẹn tí aṣọ ò fi tẹ́. Èyí tí ẹ rà níbí ńkọ́, tí òun náà jẹ́ 1,200 wáàtì? Ìdíwọ́ tiẹ̀ jẹ́ 12 ohm. Ẹ gbé e sórí 240 ní Ìbàdàn, áńpíà 20 ló máa ya wọlé, wáàtì 4,800. Kí ni kò ní jóná? Tí ẹ bá ń ra nǹkan ránṣẹ́ sílé, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 100–240 síbẹ̀, bíi ti ṣájà fóònù, ó lè ṣiṣẹ́ níhà méjèèjì.

Fún ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ mú bátìrì 12 fólítì àti resistor méjì, ọ̀kan 4 ohm, èkejì 2 ohm. Tí ẹ bá tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ ro wọ́n pọ̀: 6 ohm, áńpíà 2. Tí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀nà ti di méjì: áńpíà 3 gba ti àkọ́kọ́, áńpíà 6 gba ti èkejì, àpapọ̀ jẹ́ 9. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń rò pé resistor tó bá ti pọ̀ sí i, ìdíwọ́ náà á pọ̀ sí i. Irọ́ ni, tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà.

Bí iná inú ilé wa náà ṣe rí nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni gbogbo ẹ̀ wà. Híítà 1,500 wáàtì tí ẹ gbé sí bésímẹ́ńtì ń fa áńpíà 12.5. Kẹ́tùlù tó jẹ́ 1,500 wáàtì náà ń fa iye kan náà. Tí wọ́n bá jọ wà lójú wáyà kan, áńpíà 25 ni, bẹ́ẹ̀ áńpíà 15 ni ọ̀pọ̀ ojú wáyà ilé níbí lè gbé. Òun ló ń jẹ́ kí breaker já. Ẹ má bínú sí breaker o, ilé yín ló ń gbà là. Ẹ má sì fi wáyà èkìtẹ́ńṣọ̀n tín-ín-rín fa iná fún híítà. Wáyà náà ní ìdíwọ́ tiẹ̀, ó ń gbóná lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹ ò ti rí i.

Ohm kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé kan tó jáde ní Berlin lọ́dún 1827. Ó rò pé yunifásítì máa pè é. Wọn ò pè é. Àwọn kan láàárín àwọn onímọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìṣirò wo ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá bẹ́ẹ̀ yẹn, wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé náà. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó fi iṣẹ́ Cologne sílẹ̀ lọ́dún 1828, ó sì ń kọ́ ìṣirò káàkiri nílé ìwé ní Berlin. Lójú tèmi, ó yára bínú. Iṣẹ́ tó ní yàrá ìwádìí kì í ṣe ohun téèyàn ń jù nù. Ọdún 1833 ni Nuremberg tó fún un níṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn.

Òkèèrè ni iyì ti kọ́kọ́ bá a. Lọ́dún 1841, Royal Society ti London fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley, tó tóbi jù lọ́wọ́ wọn. Ó sì ṣeé ṣe kí orúkọ ará London gan-an ló wà lórí òfin yìí: Henry Cavendish ti rí nǹkan tó jọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, àmọ́ ó tọ́jú ìwé rẹ̀ pa mọ́, kò sì jáde títí di ọdún 1879.

Ọdún 1852 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ohm sórí àga ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Munich. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún. Kò fẹ́ ìyàwó. Ọdún méjì ló lò lórí àga náà, ó kú ní Munich lọ́jọ́ 6, oṣù keje, ọdún 1854. Lọ́dún 1881, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Paris, wọ́n sì fẹnu kò pé orúkọ ọmọ alágbẹ̀dẹ Erlangen ni wọ́n máa fi wọn ìdíwọ́ iná. Òun ni àmì Ω tó wà nínú ìwé àwọn ọmọ yín.