Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Àwo Tó Dúró De Etí

Bí ọ̀rọ̀ àwo orin àtijọ́ bá délẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, Fẹlá ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, bàbá alápàlà, ni mo fẹ́ sọ ní tèmi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni; ọdún 1919 ni wọ́n bí i. Ní 1948 ó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ó fi kí Orímolúsì Adéboyè, ọba ìlú rẹ̀. Àwo náà kò tà rárá. Nígbà tí ọba wàjà ní 1955, wọ́n tún orin náà gbé jáde, ni àwọn èèyàn bá ń wá a kiri. Láti ìgbà náà ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Ojú kan àwo ìgbà yẹn kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Kí ni alápàlà fẹ́ fi ìṣẹ́jú 3 ṣe? Kó tó kí ẹni mẹ́ta, ó ti tán! Ìgbà tí àwo ńlá dé, tí ojú kan lè gbà tó ìṣẹ́jú 20, ni Hárúnà tó ráyè tú òwe àti oríkì sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Kò fi gìtá sí i: ìlù, agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó o.

Ní 1969, òun àti I. K. Dáírò dá ilé-iṣẹ́ Star Records sílẹ̀, kí olórin lè jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọdún 1971 ni Oroki Social Club jáde, èyí tó fi kí ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo. Ó kú ní 1983. Músílíù ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí àpàlà kú.

Oroki yẹn wà nílé wa. Bàbá àgbà ló rà á, bàbá mi jogún rẹ̀. Abẹ́rẹ́ máa ń fò níbì kan lójú kejì, bàbá mi a sì fi ẹnu ara wọn kọ ọ̀rọ̀ tó bọ́ síbẹ̀. Èmi náà ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Bí mo bá gbọ́ orin náà lórí fóònù, níbi tí kò ti fò, mo ṣì máa ń kọ ọ́ lé e lórí.

Ohun tó ń ká mi lára ni àwọn orúkọ. Orin Hárúnà kún fún orúkọ èèyàn: oníṣòwò, ọlọ́jà, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orin wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n? Àwọn tó ra àwo nígbà náà ló mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń dín kù. Ẹ̀yin tí àwo rẹ̀ wà nílé yín, ẹ gbé e síwájú àgbà kí ẹ bi wọ́n léèrè. Bàbá àgbà sọ ti ẹni mẹ́fà fún mi kí wọ́n tó kú. Ẹ̀yìn páálí àwo ni mo kọ ọ́ sí.