Olóyè Alonge, onífọ́tò ààfin Ọba Bìní

Ọdún 1911 ni wọ́n bí Olóyè Solomon Osagie Alonge ní ìlú Bìní, ọdún 14 péré lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ìlú náà, tí wọ́n sì kó àwọn ère idẹ ààfin lọ. Ní ọ̀dọ́langba, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Èkó, kí ó tó padà sílé.

Lẹ́yìn tí Ọba Akenzua Kejì gorí ìtẹ́ ní ọdún 1933, Alonge di onífọ́tò ààfin, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó di ipò náà mú. Nǹkan bí ọdún 50 ni ó fi ń ya ọba, olorì, àwọn olóyè àti ọdún ìbílẹ̀. Ní ọdún 1942, ó dá ilé fọ́tò Ideal Photo Studio sílẹ̀ fún ará ìlú. Òyìnbó a máa ya èèyàn dúdú láìbéèrè orúkọ rẹ̀. Ti Alonge kò rí bẹ́ẹ̀, ará ilé rẹ̀ ni ó ń yà, bí ó ṣe wu kálukú kí a rí òun ni ó sì ń yà á. Ará Adó-Èkìtì tó bá wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àwọn olóyè inú fọ́tò wọ̀nyí kò ní í kà á sí ohun àjèjì, nítorí ìtàn so ìran Ewì àti ti Ògògà Ìkẹ́rẹ́ mọ́ Bìní.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé Alonge kò da nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ nù. Bí oníbàárà bá ti gba fọ́tò tán, ọ̀pọ̀ onífọ́tò kì í ka nẹ́gẹ́tíìfù sí nǹkan mọ́. Gíláàsì ni ti àtijọ́, kò sì pẹ́ fọ́. Èyí tó jẹ́ fíìmù, ooru a máa bà á jẹ́, ọ̀rinrin a sì bù ú.

Ní àwọn ọdún 1980, Flora Kaplan, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Bìní, bá a ṣiṣẹ́ lórí àwọn àwòrán náà. Alonge kú ní ọdún 1994. Ní 2009, ẹrù náà dé ilé-ìṣúra Smithsonian ní Washington, níbi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì yà á sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ níbẹ̀ ní 2014; ní 2017, wọ́n gbé àfihàn náà wá sí ilé-ìṣúra ìjọba àpapọ̀ ní Bìní. Fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ ni ó padà wálé. Gíláàsì àti fíìmù náà gan-an dúró sí Washington.