Wolfgang Güllich: Ọkùnrin Tó Fi Pákó Kọ́ Ìka Ọwọ́ Rẹ̀

Bí wọ́n bá ní ká dárúkọ eré ìdárayá, bọ́ọ̀lù la kọ́kọ́ máa ń pè, ká tó kan eré sísá àti tẹ́nìsì orí tábìlì. Ẹni tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Àpáta ló ń gùn. Wolfgang Güllich lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ó ti kú láti ọdún 1992, ṣùgbọ́n títí di òní, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn agun-àpáta la ti ń rí ohun tí ó dá sílẹ̀ lára ògiri.

Ọjọ́ 24, oṣù kẹwàá, ọdún 1960 ni wọ́n bí i ní ìlú Ludwigshafen. Ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́ bíi tiwa yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun àwọn òkúta oníyanrìn tí kò jìnnà sí ìlú wọn. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí agbègbè Frankenjura, lẹ́bàá ìlú Nuremberg. Àpáta ibẹ̀ kún fún ihò kéékèèké. Àwọn mìíràn kò gbà ju ìka kan tàbí méjì lọ. Ibẹ̀ ló ti ń gbé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kurt Albert, tí òun náà jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Agun-àpáta máa ń so okùn mọ́ra, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fà á láti fi gòkè. Ìṣubú nìkan ni okùn wà fún. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e dé òkè. Ní ọdún 1975, Kurt Albert bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà pupa kun àmì róbótó sí ìdí ọ̀nà èyíkéyìí tó bá ti gùn bẹ́ẹ̀ láìgbé ara lé okùn. Àṣà yìí ni Wolfgang bá, tó sì gbé lárugẹ.

Bí a ṣe ní kíláàsì kìíní, ìkejì, ìkẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà orí àpáta ní ipele, èyí tó le ju èyí lọ. Ọmọkùnrin yìí kò jẹ́ kí ipele náà sinmi. Ní 1984, ó gun Kanal im Rücken, tó le ju gbogbo èyí tí ẹnikẹ́ni ti gùn rí lọ nígbà náà. Ní 1985, ó lọ sí Australia, ó gun Punks in the Gym, ìyẹn tún le jù ú lọ. Ní 1987, ó padà sí Frankenjura, ó gun Wall Street, ipele tuntun mìíràn. Láàárín rẹ̀, ní 1986, ó lọ sí Yosemite ní Amẹ́ríkà, ó sì gun Separate Reality láìso okùn kankan mọ́ra. Bí àjà ilé ni àpáta yẹn rí, ẹni tó bá ń gùn ún á máa rọ̀ dirodiro, àfonífojì ńlá á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò o!

Ṣé agbára àbínibí ni? Rárá o. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dùn nìyí. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ agun-àpáta gbà pé gígun àpáta nìkan ni ìgbáradì fún gígun àpáta. Wolfgang ní kò tó. Ó ń wá ibi tí agbára òun ti kù díẹ̀ káàtó, ibẹ̀ ni yóò sì dojú kọ. Òun àti Andreas Kubin kọ ìwé kan jáde ní 1986 lórí ọgbọ́n àti ìgbáradì eré yìí. Ó gbà pé orí ló ń darí ọwọ́, pé ẹni tí kò bá ronú, agbára rẹ̀ á kàn ṣòfò ni.

Ní 1988, ó gbé iṣẹ́ tuntun kalẹ̀ ní ibi ìdárayá kan ní Nuremberg tí wọ́n ń pè ní Campus Centre. Ó kan àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ pátákó tó dà síwájú, ọ̀kan lókè èkejì bí àkàbà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó kò ní fi ẹsẹ̀ kan nǹkan kan. Ìka ọwọ́ ni yóò fi rọ̀, yóò sì máa fò láti pákó dé pákó. Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹni tó lè fa ara rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́ lè má lè fò mú ihò kékeré lójijì. Kíákíá ni ìka gbọ́dọ̀ di ihò mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti já bọ́ nìyẹn. Pákó yẹn ló ń kọ́ ìka ní ìyára. Orúkọ ibi ìdárayá yẹn ni pákó náà ń jẹ́ kárí ayé báyìí: campus board.

Àpáta kan wà ní Waldkopf, ní Frankenjura, tó dà síwájú gan-an. Ìgbésẹ̀ 16 péré ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, fífò ni, ihò oníka méjì sì ni wọ́n ń fò mú. Wolfgang fi pákó rẹ̀ gbára dì fún un. Ó tó ọjọ́ 11 tó fi ń gbìyànjú lórí àpáta náà kó tó gùn ún dópin ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1991. Ó pè é ní Action Directe. Òun ni ọ̀nà àkọ́kọ́ lágbàáyé tó wọ ipele 9a. Ọdún 1995 ni ẹlòmíràn tó ó gùn, ìyẹn Alexander Adler.

Kì í ṣe àpáta kúkúrú nìkan ló mọ̀ ọ́n gùn o. Ní 1988 àti 1989, òun àti Kurt Albert pẹ̀lú àwọn mìíràn gun òkè Nameless Tower ní Pakistan, tó ga ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà mítà lọ. Òun náà ló tún gun àpáta dípò Sylvester Stallone nínú fíìmù Cliffhanger.

Ṣùgbọ́n kò rí fíìmù náà kó tó jáde ní 1993. Ní ìdájí ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 1992, ó ń wakọ̀ bọ̀ láti Munich, níbi tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí rédíò. Oorun gbé e lọ lórí ìdarí ọkọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìyẹn ọjọ́ 31, ó kú sí ilé ìwòsàn ní Ingolstadt. Ọmọ ọdún 31 ni. Obertrubach ni wọ́n sin ín sí, láàárín àwọn àpáta tó gùn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí kò so okùn mọ́ra ní Yosemite tí kò já bọ́, oorun ló pa á lójú títì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ara kì í ṣe igi. Ìsinmi wà nínú ìgbáradì.

Ohun tí a lè mú lò nínú ìtàn yìí pọ̀. Tí ìṣirò bá ń dà ọ́ láàmú, má kàn máa ka gbogbo ìwé lápapọ̀. Wá ibi tó ti ń yọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gan-an, kí o sì kan pákó tìrẹ síbẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣì kù: àwọn kóòṣì agun-àpáta kì í fẹ́ kí ọmọ tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà lo pákó Wolfgang, torí pé ó lè ṣẹ́ egungun ìka. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa fi ìka rọ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn kíláàsì lẹ́yìn tó bá ka èyí tán!