Ìyáàfin Kòfowórọlá Abẹ̀ní Pratt, Àgbà Nọ́ọ̀sì Ilẹ̀ Wa

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn lónìí, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí UCH, ọmọ ilẹ̀ wa ni yóò bá tí ń ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ọmọ ilẹ̀ wa ni yóò bá tí ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò rí èyí bí ohun ìyanu. Àwọn ọ̀dọ́ tilẹ̀ lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbà kan wà tí àga mátírọ́ọ̀nù jẹ́ àga òyìnbó, tí àga sísítà pàápàá ṣòro fún aláwọ̀ dúdú láti dé, bí ó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ tó. Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ni ó kọ́kọ́ jókòó sí orí àga náà.

Ìlú Èkó ni a gbé bí i ní ọdún 1915. Ọ̀gbẹ́ni Augustus Alfred Scott ni bàbá rẹ̀, Elizabeth Ọmọwùmí sì ni ìyá tí ó bí i. Kòfowórọlá ni wọ́n sọ ọ́, Abẹ̀ní sì ni oríkì rẹ̀. Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìtàn yìí dé òpin yóò rí i bóyá ẹni yìí fi owó ra ọlá tàbí kò fi owó rà á. Ilé Scott jẹ́ ilé Krìstẹ́nì ti ìjọ Áńgílíkà, ilé tí ó rí jájẹ, tí ó sì ka ìwé sí. Ilé ẹ̀kọ́ St. John ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti CMS ní Èkó.

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fi ọwọ́ sí i. Kí ẹ̀yin òǹkàwé má ṣe yára dá bàbá náà lẹ́bi. Ní ayé ìgbà náà, àwọn obìnrin òyìnbó ni sísítà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọmọ ilẹ̀ wa tí ó bá wọ ibẹ̀, abẹ́ ni yóò wà. Omi ni yóò máa gbé, awo ni yóò máa fọ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò máa dà nù, ẹ̀kọ́ tí ó bá sì rí kọ́ kò ní òǹtẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn mọ̀. Ọdún 1947 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin tí yóò máa fi orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sínú ìwé ní Nàìjíríà. Bàbá wo ni ó ní ọlá ní Èkó tí yóò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n kà sí iṣẹ́ tí ó yẹ ọmọbìnrin onílé rere.

Nítorí náà Kòfowórọlá di olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga United Missionary College ní Ìbàdàn ni ó ti gba ìwé ẹ̀rí, ó sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin CMS, ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn níbi tí a gbé kọ́ òun náà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀kan nínú yín ni. A ó sì rí i níwájú pé ẹ̀fun àti pátákó dúdú kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi kú.

Ní oṣù Jánúárì ọdún 1941 ni ó ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Eugene Samuel Olúrẹ̀mí Pratt, apòògùn ní iṣẹ́ ìjọba. Ọkọ yìí kò ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí iṣẹ́ ẹ̀gbin. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ dókítà, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e ní ọdún 1946, kì í sì í ṣe pé kí ó lè máa se oúnjẹ fún un nìkan. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ó sì ti ní ọkọ. Ẹni tí ó mọ bí nǹkan ti rí ní ilẹ̀ òyìnbó nígbà náà yóò mọ̀ pé ilé ìwòsàn kì í fẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó ní ọkọ: ọmọge ni wọ́n ń fẹ́, tí yóò máa gbé inú ilé àwọn nọ́ọ̀sì, tí kò ní ẹrù mìíràn lórí. Síbẹ̀, ó wọlé.

Kì í ṣe ilé ìwòsàn kékeré ni ó wọ̀. St. Thomas' ni, tí ó dojú kọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní etí odò Thames. Níbẹ̀ ni Florence Nightingale ti dá ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ọdún 1860, lẹ́yìn tí ó ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun nígbà ogun Crimea. Ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ tán ni, bọ́ǹbù ti ba apá kan ilé ìwòsàn náà jẹ́, a sì ń fi ìwé pín oúnjẹ fún olúkúlùkù. Nínú òtútù àti ọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Scott ti ń kọ́ bí a ti ń tẹ́ ibùsùn, bí a ti ń di ojú egbò, bí a ti ń ka ìṣàn ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń ṣe ìdánwò lórí ìdánwò.

Aláìsàn kan wà tí ó kọ̀ pé nọ́ọ̀sì dúdú kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan òun. Ohun kan ni a kàn fẹ́ kí àwọn òǹkàwé rò. Ẹni tí ó wà lórí ibùsùn, tí kò lè dìde wẹ ara rẹ̀, ni ó ń yan àwọ̀ ọwọ́ tí yóò wẹ òun. Nọ́ọ̀sì náà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí èyí. Ó ń tọ́jú aláìsàn ní ọ̀sán, ó sì tún ń kópa nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, èyí tí a ń pè ní WASU, níbi tí ọ̀rọ̀ òmìnira àwọn ilẹ̀ wa ti ń gbóná nígbà náà.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Júlàì ọdún 1948, ìjọba Britain gba àwọn ilé ìwòsàn sí ọwọ́ ara rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú gbogbo ènìyàn láìgba owó. Ìyáàfin Pratt wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà náà. Nígbà tí ó sì parí ní ọdún 1950, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nítorí èyí ni a fi máa ń dárúkọ rẹ̀ pé òun ni nọ́ọ̀sì dúdú àkọ́kọ́ nínú ètò ìlera Britain. Ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí kún un, ó kọ́ nípa àrùn ilẹ̀ olóoru, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ bí a ti ń ṣe àkóso wọ́ọ̀dù. Bí ó bá fẹ́, ó lè jókòó sí London. Ní ọdún 1954, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò nìyí. Obìnrin tí ó ti tọ́jú àwọn òyìnbó ní ìlú wọn, tí ó ní gbogbo ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tiwọn, ni ó dé ìlú tirẹ̀ tí ó sì ṣòro fún láti rí ipò sísítà, nítorí pé àwọn tí ó ti òkè òkun wá ni a fi ipò náà pamọ́ fún. Ìbàdàn ni ìlẹ̀kùn ti ṣí. Yunifásítì kékeré tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 ń ṣètò ilé ìwòsàn ńlá tirẹ̀. Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni wọ́n ń lò títí tí a fi ṣí UCH ní oṣù Nóvẹ́ńbà ọdún 1957. Sísítà ni Ìyáàfin Pratt bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe níbẹ̀, ó sì ń gun àkàsọ̀ ní ipele kọ̀ọ̀kan, títí ó fi di igbákejì mátírọ́ọ̀nù.

Òmìnira dé ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀któbà ọdún 1960. Àsíá yí padà, orin orílẹ̀-èdè yí padà, ṣùgbọ́n òyìnbó ṣì ni mátírọ́ọ̀nù. Ọdún 1964 ni Ìyáàfin Pratt tó gba àga náà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sí i. A máa ń rò pé òmìnira parí ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní tòótọ́, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì ni ó ń dé. Ẹ má sì ṣe rò pé àga náà rọrùn. Mátírọ́ọ̀nù ni ó ń mọ ẹni tí yóò ṣọ́ àwọn aláìsàn ní òru, ẹni tí yóò lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, iye aṣọ ibùsùn tí ó kù, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a gbà àti èyí tí ó yẹ kí a lé. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe Pratt nìkan ni a ó bú. Àwọn tí ń wí pé ọmọ dúdú kò lè ṣe àkóso ni yóò rí ọ̀rọ̀ sọ. Nǹkan kò bàjẹ́.

Ní ọdún 1965, a dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nínú Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ ìlera àgbáyé, àjọ UNICEF àti ilé iṣẹ́ àánú Rockefeller. Ìyáàfin Pratt wà lára àwọn tí ó tiraka fún un. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí nọ́ọ̀sì ti lè gba oyè yunifásítì. Àwọn kan béèrè pé kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fi oyè yunifásítì ṣe, àwọn kan ṣì ń béèrè bẹ́ẹ̀. Àwa rò pé olùkọ́ àtijọ́ inú Ìyáàfin Pratt ni ó dáhùn ìbéèrè náà: ta ni yóò kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ń bọ̀? Bí kò bá sí ẹni tí a kọ́ ní ilé láti kọ́ wọn, òkè òkun ni a ó máa wọ ọkọ̀ lọ títí láé.

Ní ọdún yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ pè é sí Èkó láti di ọ̀gá àgbà gbogbo nọ́ọ̀sì ní ilé iṣẹ́ ìlera. Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sí àárín ògiri ilé ìwòsàn mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ni kò sí nítòsí ilé ìwòsàn rárá. Abúlé ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni ìbà àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń pa ọmọ wẹ́wẹ́. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá láti wo ìlera àwọn ará oko. Nọ́ọ̀sì ni ó mọ irú iṣẹ́ yìí jù: kí a wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, kí a wo ìkòkò omi inú ilé, kí a kọ́ ìyá bí yóò ti bọ́ ọmọ lẹ́yìn ọyàn, kí a gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kí àrùn tó dé. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967, kò sì parí títí di ọdún 1970. Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni a ń lé àrùn ṣànpọ̀nná káàkiri orílẹ̀-èdè yìí títí ó fi tán nílẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó jẹ ẹ́ lógún ni kí àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹgbẹ́ tiwọn. Òun ni a mọ̀ sí olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ tí ń wá ìlọsíwájú ẹ̀kọ́ àti ọ̀wọ̀ iṣẹ́ náà, ó sì wà nídìí ìwé ìròyìn tí àwọn nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ fún ara wọn. Kò sí ẹni tí ó fi èyí ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Abidjan, lábẹ́ ìjọba Faransé, dókítà ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Félix Houphouët kó àwọn òṣìṣẹ́ ìwòsàn aláwọ̀ dúdú jọ sí ẹgbẹ́ kan. Àwọn aláṣẹ fura sí i, ní ọdún 1927 wọ́n sì gbé e jìnnà lọ sí Guiglo. Ọkùnrin yìí ni ó wá di Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Côte d'Ivoire, ààfin rẹ̀ sì wà ní Le Plateau, àdúgbò tí àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ fi ṣe ibùgbé ara wọn.

Ní ọdún 1973, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi Ìyáàfin Pratt ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1975. Ní ọdún 1973 náà ni àjọ Red Cross àgbáyé fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, èyí tí kò sí tí ó ga jù ú lọ fún nọ́ọ̀sì. Ìlú Ìṣẹri fi í joyè ní ọdún 1975. Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Britain, Royal College of Nursing, sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ẹni ọ̀wọ̀ wọn. Ní ọdún 1987, Justus Akínsànyà, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ nọ́ọ̀sì, tẹ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní Ìbàdàn, ó sì rí ìwé náà kí ó tó fi ayé sílẹ̀.

Ọjọ́ 18 oṣù Júùnù ọdún 1992 ni ó papò dà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1965 ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé lọ́dọọdún.